Òdo Iwájú Orúkọ Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹsàn-án
Ìwé náà jáde lónìí. Iye owó tí gbogbo ènìyàn Bulgaria tó, láti orí ọmọ ọwọ́ dórí ẹni tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣírò rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níwájú ìwé: Stamen Varbanov, ọ̀gá wa. Àkùkọ ni mo ń pè é — ó gbà pé bí òun ò bá kọ, ilẹ̀ ò ní mọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ìwé tó kẹ́yìn, lábẹ́ ẹni tó tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Kí n má baà gbàgbé ìdí tí mo fi ń bínú.
Ìṣirò wa ò le. Kó gbogbo owó oṣù tí ènìyàn yóò gbà jọ títí yóò fi pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin. Iye rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, òdo. Mo kọ àlàyé sójú ìwé kọkànlélógójì pé òdo yìí ò dáa, pé àgbà tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó ṣì níye lórí. Àkùkọ fi bírò pupa fagi lé e. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ó gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn ọjọ́ orí yẹn, kí ẹ̀ka wa ṣírò iye tó kù lára rẹ̀; ẹni tó bá já sí òdo, kó máa lọ sílé. Ẹni tí òfin kọ́kọ́ mú ni olùtọ́jú yàrá ìwé àtijọ́ ilé-iṣẹ́ wa, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó mọ ibi tí bébà kọ̀ọ̀kan sùn sí láti ọdún 1979. Nedyalka. Ìyá tó bí ìyá mi, tó tọ́ mi dàgbà.
Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ òdo náà. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 12
Aago méje àárọ̀, ìyá àgbà wọ bàtà iṣẹ́. Wọ́n jókòó. Wọ́n bọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 18
Mo yọjú wo fáìlì Àkùkọ. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo ra kéèkì. Mo dá a jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 23
Àkùkọ pé márùndínláàádọ́rin, ó sì fẹ́ lo ọdún mẹ́ta sí i. Ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ ní òfin ni òfin, kí ẹ̀ka wa ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, torí ó dùn mọ́ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé òdo rẹ̀ fún un.
Ó yí bébà náà wò síwá sẹ́yìn. “Yavor, ọmọ mi, àlàyé rẹ ọjọ́sí ńkọ́? Ti ojú ìwé kọkànlélógójì?”
“Ẹ ti fagi lé e, ọ̀gá. Mo bọ̀wọ̀ fún bírò yín.”

Ọjọ́ Ẹtì, 27
Àlàyé mi ti padà sínú ìwé. Nǹkan ò yá tó báyìí rí ní ilé-iṣẹ́ yìí. Ìgbìmọ̀ fi gbólóhùn kan kún un: àgbà tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó níye lórí, bí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fojú òun rí i.
Àkùkọ ń dá gbé. Kò lọ́rẹ̀ẹ́. Ó rọra bi mí bóyá ìyá àgbà ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Mo ní ọ̀la ni wọ́n ń sun ata.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
Àkùkọ gbé òdòdó wá. Mẹ́fà — nílẹ̀ wa, òdòdó tí iye rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì, òkú là ń gbé e fún. Ìyá àgbà kà á, wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n fi lé eṣinṣin.
Ogójì kílò ata pupa. Ọdọọdún ni ìyá àgbà ń sun ún, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ sínú ìgò fún gbogbo ará ilé alájà mẹ́jọ tí à ń gbé, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fa àpótí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ èéfín.
“Jókòó, Stamen.”
Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi pè é ní ọ̀gá.
Àkùkọ wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun ní wàràkàṣì àti búrẹ́dì díẹ̀, kí òun fi tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò gan-an. Kó tó lọ, ó kọ ẹ̀rí fún ìyá àgbà, ojú ìwé mẹ́rin gbáko, oyin ń kán níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá
Ẹ̀rí náà jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ti pe ìyá àgbà padà sí yàrá ìwé. Aago méje, wọ́n wọ bàtà. Wọn ò bọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 4
Ó kan fọ́ọ̀mù Àkùkọ. Ìyá àgbà nìkan ni ẹlẹ́rìí tó ní láyé pé òun náà ṣiṣẹ́ láìgbowó. N kò sọ ohun tí wọn yóò kọ fún wọn. Bírò nìkan ni mo gbé sílẹ̀. Pupa. Ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo mọ̀ wọ́n, wọ́n máa ń dárí jini.
Wọ́n wo òrùlé díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́:
“Mo fojú mi rí i. Ó bó ata mẹ́sàn-án. Ó jẹ mọ́kànlá.”
Wọ́n ní òótọ́ làwọn kọ.
Mo ṣírò rẹ̀ bí ìwé ṣe là á kalẹ̀. Ata méjì nísàlẹ̀ òdo. Mo lu òǹtẹ̀ lé e.