Ọ̀nà Fóònù Tí Ìlú Wa Pè Ní Ọ̀lẹ

San Melchor Yaguil,
Òkè Oaxaca,
Mẹ́síkò.
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kejì, 2016.

Fidencio, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ti ń le? Ojú iṣẹ́ abẹ ńkọ́, ṣé ó ti jinná? Ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé Los Angeles kò tíì mú wọn gbàgbé èdè wa? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àgbàdo ti wọlé, ọ̀fìnkìn nìkan ló ń bá wa fà á. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò ṣe é sọ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

O mọ̀ pé Don Hermelindo ni alága ìgbìmọ̀ fóònù ìlú báyìí. Nígbà ọdún ẹni mímọ́ wa, gbogbo wa la fẹ́ pe ẹ̀yin ará Los Angeles lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ìlú fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ sì kún. Níbi ìpàdé ìlú, Hermelindo dìde, ó ní òun ti rí ẹni tó ń ṣe wá. Ó ní ọ̀nà mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀rọ, méje ń gbé ohùn, ìkan kò gbé nǹkan kan.

"Ẹ̀yin ará ìlú, ta ló wà níbí tí kì í ṣe tekio, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tá a jọ ń ṣe fún ìlú?" ló bi wá. "Tá a bá ń ru òkúta fún ìlú, ṣé ẹnì kan máa jókòó sábẹ́ igi? Ọ̀lẹ ni ọ̀nà yẹn. Kóun náà wá gbé ohùn."

Gbogbo ìlú nawọ́ sókè, nítorí ebi ti ń pa wá. Alága fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní ó ti tán.

Àbúrò mi, ọ̀lẹ yẹn gan-an ni òjíṣẹ́ wọn. Kí ohùn tó gba ọ̀nà kankan, òun ló ń sáré lọ sọ fún fóònù màmá wa pé ìpè dé, òun ló sì ń sọ ọ̀nà tí ìpè máa gbà fún un. Àtẹ̀jíṣẹ́ pàápàá, òun ló ń gbé e. Àwa wá sọ òjíṣẹ́ di alárù. Ọ̀nà mẹ́jọ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sẹ́ni tó lè mú ìpè kankan dé ibẹ̀. Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́ lójú fóònù, a tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ. Hermelindo ní èrò ló pọ̀, ká ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ amúkùn-ún ni: òkè la ń wò, a ò wo ìsàlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ. O ti ṣèlérí fún màmá wa pé bí o bá ti jí, wàá pè. Wọ́n gbé fóònù sórí itan, wọn ò jẹun. Nígbà tó pẹ́ jù, wọ́n lọ bá alága.

"Màmá, ẹ̀rọ wa ò dáa tó báyìí rí," ló sọ fún wọn. "Ẹni tó bá fẹ́ pè yín á ti pè."

Ẹnu rẹ̀ gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀. Màmá wa padà sílé, wọ́n tan àbẹ́là sídìí fọ́tò rẹ, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn tó ń gbàdúrà òkú.

Ta ló kọ́kọ́ dé síbi àdúrà? Hermelindo ni. Tàmálì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Celso awakọ̀ ti Oaxaca dé, tó yọjú wọlé. Celso wo àbẹ́là, ó wo fọ́tò.

"Òkú yìí pè mí láàárọ̀ nígboro," ló wí. "Ó ní kí n kí yín. Ó ní òpònú wo ló ba fóònù ìlú jẹ́?"

Hermelindo gbé tàmálì mì. "Ìpàdé ìlú ni."

Màmá wa wò ó tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. "Alága, ẹ rọra jẹun tán. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ tún un ṣe, ẹ fẹnu yín fẹ́ àbẹ́là ọmọ mi pa."

Ó fẹ́ gbogbo rẹ̀ pa níṣojú wa, ó sì lọ dá ọ̀lẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá wa kí ọ, Celso náà kí ọ. Bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Ó ku ohun kan. O kọ ọ́ sí mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣì bàjẹ́, pé lọ́jọ́ Àìkú o ń ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò" títí ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìlú fún ìpè kan fi pé, o ò gbọ́ ohùn màmá wa. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ohùn rẹ ń wọlé ketekete. Aṣọ ni wọ́n fi dí ara wọn lẹ́nu, kí o má baà gbọ́ ẹkún. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Tún wọn pè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́,
Leobarda