Ìyá Wa Aleid, Ẹni Tó Fa Ṣọ́bìrì Hubrecht Yọ

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀ọ́, kà á sínú. Olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú wà lára àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú.

Ọdún 1398 ni wọ́n bí màmá wa, Aleid, ní ìlú Leerwaard. Dirk ni bàbá wọn. Heilwich tó ń pọn bíà ni ìyá wọn. Ìran amọdi-omi ni wọ́n, àwọn tó ń mọ odi tí kì í jẹ́ kí omi wọ ìlú. Màmá kò lọ ilé ìwé. Èmi Wolfert, àkọ́bí wọn, kò kà jìnnà, ẹ forí jì mí.

Ní 1417, wọ́n fẹ́ bàbá wa, Floris. Nígbà náà ìlú ti pín sí méjì: àwọn tí à ń pè ní Ìwọ̀, àti àwọn tí à ń pè ní Ẹja. Bí àwọn kan bá sun ilé lónìí, àwọn kejì á sun tiwọn lọ́la. Orí odi ìlú ni bàbá wa kú sí. Títí dòní a kò mọ ẹni tó ta ọfà tó pa wọ́n.

Oṣù kọkànlá 1434 ni omi ya ìpín odi-omi tí Hubrecht, aládùúgbò wa, ń tọ́jú, torí olúkúlùkù ló ní ìpín tirẹ̀. Òfin wa ni pé ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ìpín rẹ̀ mọ́ á gún ṣọ́bìrì rẹ̀ mọ́ orí odi, á fi ilẹ̀ sílẹ̀, á máa lọ. Ẹni tó bá fà á yọ ló ni ilẹ̀, òun ló sì máa dí ihò náà. Hubrecht gún tirẹ̀, ó kó ìyàwó àtọmọ, ó lọ. Ẹja ni Hubrecht. Ìwọ̀ ló ń jọba. Olórí ẹ̀ṣọ́ kéde pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ṣọ́bìrì Ẹja, Ẹja lòun náà.

Gbogbo wa dúró, à ń wò ó. Omi ń wọlé. Màmá ká aṣọ sókè, wọ́n gun orí odi lọ.

Ẹnìkan kígbe láàárín èrò pé, “Ìyá Wolfert, ṣé ẹ ti di Ẹja ni?”

Màmá dáhùn pé, “Ẹ dúró síbẹ̀ kí omi mù yín dọ́rùn ná. Gbogbo yín lẹ máa lúwẹ̀ẹ́!”

Màmá fa ṣọ́bìrì náà yọ. Mo gbọ́ bí amọ̀ ṣe dún. Wọ́n nìkan ló kọ́kọ́ ń rọ́ amọ̀ sí ihò náà. Lẹ́yìn náà Ìwọ̀ kan bọ́ sílẹ̀, Ẹja kan yọ jáde láti inú àká, wọ́n sì ń gbé amọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi dúró. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Olórí ẹ̀ṣọ́ kò lè pa obìnrin tó gba ìlú là. Ó ní Hubrecht ló mọ̀ọ́mọ̀ ya odi, òun fẹ́ bẹ́ orí rẹ̀. Ó ti màmá mọ́lé fún ogójì ọjọ́ kí wọ́n lè sọ ibi tí Hubrecht sá sí.

“Níbo ló wà?”

“Ilẹ̀ rẹ̀ ni mo gbà, mi ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Ogún ọdún ló fi ń béèrè. Ìdáhùn kan náà ni.

Ibà ló mú màmá lọ, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Wọ́n fi Wolfert, Lijsbet àti Badeloch sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Ìyá wa, kí ilẹ̀ gbígbẹ tù yín lára. Ẹ sùn, kí omi má dé ọ̀dọ̀ yín.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, olórí ẹ̀ṣọ́ dì mí lápá. “Wolfert, ìyá rẹ ti lọ. Ó ku ìwọ. Níbo ni Hubrecht wà?”

Mo mọ ibẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, ìdáhùn màmá náà ni tèmi.”