Ewu Mẹ́tàléláàádọ́rin ní Pápá Ọlá

Agboolé Jagun,
Èjìgbò,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ràmọ́nù, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n ka ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn fún ọ, kí o lè mọ irú ara tí mo fi ń kọ̀wé. Èkíní, táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Èkejì, igi káṣú kan tó dúró síbi tí kò yẹ kí igi dúró sí. Ẹ̀kẹta, bóyá mọ́tò lè gbiná nígbà tí èèyàn ti so bẹ́líìtì mọ́ra débi tí kò lè tú u. Ẹ̀kẹrin, ewúrẹ́. Ẹ̀karùn-ún, ọmọ mi Ọmọ́wùnmí, tó jẹ́ pé òun ló fa mẹ́rin ìṣáájú.

Wàyí o, báwo ni o? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà kí o kírun kí o sì dìde láìdi ògiri mú? Alàájà Sàfúrátù, ìyàwó rẹ, ń kọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀? Jọ̀wọ́, má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí kí wọ́n tó lo oògùn. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń kọ́? Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi pé ọrùn mi kò yí sápá ọ̀tún mọ́ láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ọ.

O rántí Ọmọ́wùnmí, àbíkẹ́yìn mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Oṣù kẹta ọdún yìí ló kọ́ mọ́tò wíwà, ó sì ń wà á bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Bó bá ń lọ sí Máṣífà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń yà á sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ sí i. N kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń kó àwọn tí wíwa mọ́tò kì í ṣe iṣẹ́ wọn jọ láti máa fi mọ́tò sáré ìdíje, n kò sì mọ̀ pé ọmọ mi ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo rí akoto lórí tábìlì oúnjẹ, mo bi í bóyá ó ti ra ọ̀kadà. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn ì bá tẹ́ yín lọ́rùn ju èyí lọ."

Mo sọ gbogbo ohun tó yẹ kí bàbá sọ. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní láti kékeré òun ni mo ti ń ní kí òun má gun igi, kí òun má wọ odò, kí òun má jókòó lẹ́nu fèrèsé. Ó ní òun kò tíì ṣe nǹkan kan rí láyé òun tí n kò kọ́kọ́ sọ bí yóò ṣe pa òun, ẹyọ kan péré sì ni òun fẹ́ ṣe yìí. Ràmọ́nù, bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀, mo ti la ẹnu láti sọ bí èyí náà ṣe máa pa á.

Pápá tí wọ́n ti ń sáré náà wà lẹ́yìn ìlú Ọlá, lórí ilẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ kan tí wọn kò dá mọ́. Wọ́n la ọ̀nà tóóró sínú rẹ̀, ó lọ́ bí ìfun. Mọ́tò mọ́kànlá ló wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rùkáyátù, alága ẹgbẹ́ náà, a sì máa fi aago ka ìṣẹ́jú tí kálukú lò. Ọjọ́ méjì ni wọ́n ń sá a, wọ́n á wá ro ìṣẹ́jú ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Òfin wọn ni pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ dá wà nínú mọ́tò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa ké sí i nípa ohun tó wà níwájú, nítorí eruku kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí i.

Lùkmọ́nù mẹkáníìkì ni Ọmọ́wùnmí mú. Àbíjáà ni wọ́n bí Lùkmọ́nù sí, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́, kò tíì ju ọdún méjì lọ tó padà wálé. Yorùbá rẹ̀ kò burú bó bá fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, Faransé ló ń jáde.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo bá wọn lọ, mo dúró láàárín àwọn olùwòran, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Kọ́nà kìíní, ó dára. Kọ́nà kejì, ó dára. Wọ́n yọ síbi tí ọ̀nà ti gún gbọọrọ, níbi tó yẹ kí ọmọ mi ti tẹ iná mọ́tò dáadáa, Lùkmọ́nù sì figbe ta pé, "Tú dúrúwà! Tú dúrúwà!" Ohun tí àwọn ará Àbíjáà ń pe kí èèyàn máa lọ tààrà nìyẹn. Nínú akoto tó bo etí rẹ̀, "Dúró" ni Ọmọ́wùnmí gbọ́. Ó sì dúró. Ó tẹ bíréékì débi pé imú Lùkmọ́nù lọ kí iwájú mọ́tò. Bí ọkùnrin náà ti di imú mú, ó tún ń ké, "Tú dúrúwà!" Ọmọ mi ní, "Mo ti dúró náà! Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe?" A ń gbọ́ wọn láti ibi tí a wà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni ọ̀kan fi ń ké, tí èkejì ń dáhùn. Ipò kọkànlá ni wọ́n gbà nínú mọ́kànlá.

Nígbà tí wọ́n jáde, Lùkmọ́nù wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi ọmọ yín. Mo ní kó máa lọ, ó dúró. Èmi ò wọ mọ́tò yẹn mọ́ láéláé." Ọmọ́wùnmí ní, "Ẹ gbọ́ ẹjọ́! Ẹni tó ní kí n dúró ló ń bínú pé mo dúró."

Alága sọ fún un pé bí kò bá rí ẹlòmíràn tí yóò jókòó tì í kó tó di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òun yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo rò pé Ọlọ́run ti gba ibi imú Lùkmọ́nù gbọ́ àdúrà mi. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ náà. Kò sunkún, kò bínú. Ó kàn ń nu akoto yẹn, ó ń nu ún, kò sì sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí wọ́n sáré. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo mú ọ̀pá mi, mo fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì kọ gbogbo ewu ibẹ̀ sínú ìwé kí n lè fi han alága pé kí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Kòtò, kùkùté, gálọ́ọ̀pù, igi káṣú yẹn, ilé èèrà kan, ibi tí ewúrẹ́ lè gbà yọ. Mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo kà. Rùkáyátù fara balẹ̀ kà á tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà yìí tó yín. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa jókòó tì í."

Mo ní rárá. Ọmọ́wùnmí bi mí, "Bàbá, ṣé ẹ lè ṣe é?" Mo tún ní rárá. Mo sọ rárá nílé, mo sọ ọ́ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi títí ìwàásù fi parí. Nígbà tí aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, akoto ti wà lórí mi.

Mo so bẹ́líìtì, mo tú u wò, mo tún un so, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Wọ́n ju àsíá. N kò lè ka ìwé náà, nítorí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ń fò. Ṣùgbọ́n àwọn ewu náà ti wà lórí mi tẹ́lẹ̀. "Kòtò lọ́tùn-ún! Kùkùté lósì! Rọra, rọra, ilé èèrà! Igi káṣú, Ọmọ́wùnmí, igi káṣú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!" Ohun tí mo bá wí ló ń ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ yìí máa gba gbogbo ìmọ̀ràn mi láìjiyàn. Ibi tí mo ní ewúrẹ́ lè yọ, ewúrẹ́ yọ. Ó ti rọra dè é, ewúrẹ́ náà sì kọjá jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Lẹ́yìn ewu kẹtàléláàádọ́rin, ọ̀nà gún títí dé òpin. Mo dákẹ́. Ọmọ́wùnmí kígbe, "Bàbá, kí ló wà níwájú?" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wá ewu títí, n kò rí ọ̀kan. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan." Ó ní, "Kí lẹ wí?" Mo ní, "Kò séwu! Máa lọ!" Ó kọ́kọ́ yíjú wò mí, èyí tí kò yẹ kó ṣe, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó sì tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọrùn mi ti yí.

Ipò kẹta la gbà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ro ọjọ́ méjèèjì pọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta fà wá sẹ́yìn sí ipò keje. Lùkmọ́nù sáré wá dì mọ́ mi, ó ń sọ Faransé tí n kò gbọ́. Ọmọ́wùnmí tú akoto kúrò lórí mi, ó bá mi nu ojú, ó ní òun ti kọ orúkọ wa méjèèjì sílẹ̀ fún ìdíje tó ń bọ̀. Mo bi í pé ta ló fi lọ̀. Ó ti ń nu akoto mi.

Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí o wà ni wọn yóò ti ṣe èyí, ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Jọ̀wọ́, bá mi tọ́jú ibùsùn kan tí kò sún mọ́ fèrèsé. Bá mi kí Alàájà, kí gbogbo ilé, kí o sì sọ fún àwọn ará àdúgbò rẹ pé kí wọ́n so ewúrẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé láti Èjìgbò sọ́dọ̀ rẹ kò jìn, ṣùgbọ́n mo ní láti fẹsẹ̀ rin pápá ìdíje náà dé òpin lọ́jọ́ Ẹtì kí ọmọ yìí tó wà á. Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ni n ó gbéra.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò jẹ́ kí o sinmi láti ọjọ́ yìí wá,

Matthias Oyèékúnlé