Ètè La Fi Ń Mọ Ojú Gíláàsì

                                        Ilé Àwọn Awòràwọ̀,
                                        Sarnakar,
                                        Àméníà.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 1979.

Zaruhi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ẹsẹ̀ Màmá? Ṣé wọ́n ti ń rìn láìlo ọ̀pá? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń da ilé rú? Èso apirikọ́ọ̀tì gbígbẹ tí o fi ránṣẹ́ dé, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ara mi le. Inú ló ń bí mi.

O rántí ìràwọ̀ tí mo sọ fún ọ, èyí tí kò tíì dàgbà, tó ṣì wà nínú ìkùukùu tó bí i. Irú wọn kì í jẹun jẹ́jẹ́: bí wọ́n ṣe ń gbé gáàsì inú ìkùukùu mì ni wọ́n ń tu díẹ̀ jáde tagbáratagbára. Mo fi àwòrán orí gíláàsì tí wọ́n yà lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn wé ti ọdún yìí, mo sì rí i pé gáàsì náà ti sún jìnnà sí ìràwọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hmayak, ọ̀gá wa, kọ̀ jálẹ̀. Láti ọdún àwòrán àkọ́kọ́ yẹn ló ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìràwọ̀ náà kì í tu nǹkan kan. Níwájú gbogbo wa, ó ní gíláàsì àtijọ́ ni mo yí sódì, pé ẹ̀gbẹ́ kejì ìràwọ̀ ni gáàsì ìgbà náà wà, kì í ṣe èyí tí mo rí lọ́dún yìí, nǹkan kan ò sún. Ó ní kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó pẹ́ tán lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní fọwọ́ kan awò ńlá tí a fi ń wo ìràwọ̀ mọ́.

Ìyá Nvard tó ń tọ́jú yàrá gíláàsì ló kọ́ gbogbo wa: fi ètè tútù kan etí gíláàsì, ojú tí òògùn fọ́tò wà á lẹ̀ mọ́ ọn, òdìkejì á máa yọ̀. Mo fi ètè kàn án níṣojú wọn. Ojú tí mo gbé sókè ló lẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí: n kò yí i sódì. Mo gbé e fún ọ̀gá pé kí òun náà kàn án. Ó wo ibòmíràn, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé tí ń lá abọ́.

Ìyá Nvard ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin náà lọ́dún tẹ́ ẹ dé. Ṣé ètè yín ló ti di àgbà ni, àbí òótọ́ ló ń bà yín lẹ́rù?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, èmi náà ò yí tèmi. Ọkọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n gbà kó tán. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ti Hmayak sì ti lé lógún.

Bá mi kí Màmá, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Bí wọ́n bá lé mi, ẹ tọ́jú yàrá kan dè mí. Òní ni ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀gá dá. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí mo kọ ni èyí.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ olóríkunkun,
                                        Arpenik