Màámi Ò Tíì Jáde Nínú Yàrá Tí Ẹ Tì Wọ́n Mọ́

Bùọ̀dá Ọlọ́runtọ́ba,

Màámi ní kí n kọ́kọ́ kí yín bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló mú bírò. Wọ́n kí yín, wọ́n kí ìyàwó yín Sarah, wọ́n kí Iyìolúwa ọmọ tuntun, wọ́n kí gbogbo Kabala Doki, pé ṣé ara le, ṣé ooru Kaduna ò mú jù, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí àìsàn tó lórúkọ àti èyí tí ò lórúkọ. Ó ku tèmi. Èmi Princess ni mò ń kọ̀wé, Màámi ò sì lè kà á, nítorí náà ohun tó bá wù mí ni màá kọ. Ẹ má bínú. Bí ẹ bá sì bínú, ìyẹn náà dáa.

Mopà wà bó ṣe wà, ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Àmọ́ Màámi ò tíì jáde. Láti ìgbà tá a ti ti ọ̀dọ̀ yín dé ni wọ́n ti wà nínú yàrá wọn, ojú wíndò ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún wọn, bí ẹ ṣe ń gbé e fún wa ní yàrá ẹ̀yìnkùlé yín nígbà kòrónà. Bí mo bá ní kí wọ́n jáde, wọ́n á ní ṣé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, ẹni tó ní kéèyàn kúnlẹ̀ ló ń ní kó dìde, Ọlọ́runtọ́ba ló ní kí àwọn wọlé, kò sì tíì ní kí àwọn jáde. Òótọ́ sì ni! Ọjọ́ tí ìjọba ṣí ọ̀nà, ẹ kàn ṣílẹ̀kùn, ẹ ní mọ́tò ti ń dúró ní gáréèjì Kawo, ẹ sáré gbé báàgì wa.

Ojú tì mí nínú mọ́tò yẹn. Inú gbogbo èrò ń dùn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ọkùnrin kan tiẹ̀ bọ́ ìbòmú rẹ̀ jù sígbó. Èmi gan-an, níbi tá a bá ti dúró, mo ń sáré yí mọ́tò po láìnídìí, torí kò sẹ́ni tó máa ní kí n padà. Màámi ò mira. Ní Lọ́kọ́ja, dírẹ́bà ní haba Mama, sauka mana, ẹ sọ̀kalẹ̀ jàre, gbogbo ayé ti sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun. Wọ́n ní kó bá àwọn gbé ìrẹsì wá sójú wíndò, pé ọmọ àwọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ò tíì yọ̀ǹda àwọn. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí àwọn elétò ìlera ojú ọ̀nà na ẹ̀rọ tó ń wo bí ara ṣe gbóná sí wọn níwájú orí, Màámi dijú, wọ́n ń ka Sáàmù, wọ́n ní ohun tó wà nínú èèyàn ló ń wò, àwọn ò fẹ́ kó bá ìbínú níbẹ̀. Mo ní ìbínú sí ta ni, wọ́n ní kí n panu mọ́.

Ẹ ò sì gbé fóònù. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù pé ẹ ò sí nítòsí, Màámi rò pé ọmọ-ọ̀dọ̀ yín tuntun ni. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń bi í pé ṣé Iyìolúwa ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọge yẹn ò mọ èèyàn kí.

Ọmọ tí wọ́n torí ẹ̀ ru òrí àti kànìnkànìn láti Mopà kí wọ́n lè máa wẹ̀ ẹ́, ojú wíndò ni wọ́n ti ń wò ó títí a fi lọ. Ìyá ìyàwó yín ńkọ́? Ó ń ti Tudun Wada wá lójoojúmọ́, ó ń gba àárín èrò ọjà Kasuwan Barci kọjá, ó ń gbé ọmọ jó lójú wa. Màámi ní ẹ ti ṣàlàyé pé mọ́tò ọ̀nà jíjìn nìkan ló ń kó kòrónà. Wọ́n gbà yín gbọ́. Èmi ò gbà.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Lánàá mo purọ́ pé ẹ pè, ẹ ní kí wọ́n máa jáde. Wọ́n wé gèlè, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n bá bi mí pé ṣé ẹ ní àwọn lè gbé ọmọ náà báyìí. Irọ́ mi ò dé ibẹ̀ yẹn. Wọ́n padà wọlé.

Màámi ní kí n béèrè owó epo àti owó ilé ìwé mi, mo ti béèrè. Àmọ́ ẹ má fi rán ẹnì kankan. Ẹ gbé e wá fúnra yín, kí ẹ gbé Iyìolúwa dání, kí ẹ ní Màámi, ẹ jáde wá gba ọmọ yín.

Àdúrà tí wọ́n ní kí n fi parí ẹ̀ nìyí: bí ẹ ṣe tọ́jú àwọn nígbà kòrónà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Iyìolúwa yóò ṣe tọ́jú yín lọ́jọ́ alẹ́ yín. Mo bi wọ́n bóyá kí n kọ Àmín sí i. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é.

Èmi ni àbúrò yín,
Princess