Okùn Dúdú fún Òru Àìlóṣùpá: Ìhágún Lábíkẹ́ Ògúnkọ̀yà

Èmi, Lábíkẹ́ Ògúnkọ̀yà, ìyàwó àgbà olóògbé Ọdúntán, apẹja, tí wọ́n bí ní Iwaraja nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí mo sì ń gbé ní Ìgbóná, Òṣogbo, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àyà ló ń dùn mí, orí mi pé. Mo mọ ọmọ mi, mo mọ ọ̀tá mi, mo sì mọ ohun tó jẹ́ tèmi. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Akọ̀wé ń kọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Níbi tó bá ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tútù rọ́pò èyí tó gbóná, mo ti ní kí ó fi tèmi sílẹ̀. Fábọ̀dé, àbúrò mi, ni mo yàn láti mú ìhágún yìí ṣẹ.

1. Ilé mi ní Ìgbóná, tí mo fi owó ẹja kọ́, di ti àwọn ọmọ mi méjèèjì, Rẹ̀mílẹ́kún àti Adédìran. Ṣùgbọ́n yàrá tí Sikirat, orogún mi, ń gbé, òun ni yóò máa gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Kò bímọ. Ẹni tó bá torí ìyẹn ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ kó tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rẹ́ ni wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún tí Ọdúntán gbé e wọlé, a jà débi pé ó gé mi jẹ lápá. Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

2. Ọkọ̀ mi, abà mi létí odò Ẹrinlẹ̀, gbogbo ìwọ̀ àti okùn mi, mo fi wọ́n fún Rẹ̀mílẹ́kún. Ọmọ mi, okùn oríṣi mẹ́ta ni o máa bá níbẹ̀. Èyí tó funfun, òwú ni; ọ̀sán ni kí o lò ó, nítorí òṣùpá a máa tàn sí i lára, ẹja a sì sá. Ìkejì ni okùn ọ̀rá tí mo rà ní Ọjà Ọba. Ẹni tó tà á fà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó ní, “Ìyá, èyí kì í já láéláé.” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti kàn án, a máa yọ̀ lọ́wọ́, kókó rẹ̀ a sì máa tú. A tún máa nà kí ó tó jẹ́ kí o mọ̀ pé ẹja ti gbé ìjẹ. Lóru, ọwọ́ rẹ ni ojú rẹ. Èyí tó dúdú ni kí o mú: òwú tí mo lọ́ pọ̀, tí mo rẹ sínú aró. Kì í yọ̀, kókó rẹ̀ kì í tú, bí ẹja àrọ̀ bá fẹnu kàn án lásán, ìka rẹ á gbọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tí okùn yẹn ṣe, nítorí àwọn ọmọ Àkànó ń sọ ọ́ lódì káàkiri.

Àkànó ni àbúrò ọkọ mi. Mo bá a nílé, nítorí náà n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Bàbá Kékeré ni mo ń pè é nígbà náà. Nígbà tí Ọdúntán kú lọ́dún 1952, ó ní òun ni yóò ṣú mi lópó. Kò béèrè Sikirat. Ó ní àgàn kò wúlò fún òun. Mo ní n kò fẹ́. Ó gbá mi lẹ́nu níwájú ẹbí, eyín mi méjì bọ́ sórí ẹní. Sikirat nìkan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ṣa eyín náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òun àti èmi jọ ń lọ sí odò. Èmi a pa ẹja, òun a yan án létí odò. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí òṣùpá, mo rẹ okùn ọ̀rá àti okùn dúdú sínú omi, mo dijú, mo fà wọ́n wò. Mo mú dúdú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àrọ̀ kan kúrò lẹ́nu ìwọ̀ ni ọkọ̀ mì. Àkànó ti wọ odò dé àyà, ó di etí ọkọ̀ mú, àdá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó ní, “Bí o kò bá ní jẹ́ tèmi, odò ni yóò gbé ọ lọ.” Ó ṣá mi léjìká. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún.

Bó ti tún gbé àdá sókè ni mo lọ́ okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ti etí ọkọ̀, mo fà á. Okùn wọ inú ẹran. Àdá jábọ́ sódò. Ó fa irun mi, ó wọ́ mi sínú omi, ó tẹ orí mi rì. Mo mu omi títí àyà mi fi fẹ́ bẹ́, ṣùgbọ́n n kò jọ̀wọ́ okùn náà. Mo lọ́ ọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ká ní ọ̀rá ni, ìbá ti yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ìbá sì ti di aláìníyàá.

Sikirat fa igi tó ń jó yọ nídìí ẹja, ó wọ odò tọ̀ wá. Ó là á mọ́ Àkànó lójú. Ó tún là á, títí iná fi kú sí i lórí. Òórùn irun àti ẹran jíjó gba imú mi. Mo rò pé ọkùnrin náà ti kú, mo fẹ́ dẹ ọwọ́. Sikirat kígbe: “Ìyáálé, ẹ má tú u sílẹ̀! Ẹ mú un le!” A wọ́ ọ gòkè, a sì dè é mọ́ òpó abà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní kóòtù, ó pè wá ní àjẹ́. Adájọ́ wo èjìká mi, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ojú rẹ̀ kan fọ́, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́ dòní. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, Àkànó ni mo ń pè é.

3. Àwọn ewúrẹ́ mi di ti Adédìran. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bẹ̀rù omi. Ẹ fi í sílẹ̀. Ó dára kí ẹnì kan wà nínú ìdílé yìí tí kò mọ bí ọrùn ènìyàn ṣe ń rí nínú okùn.

4. Àkànó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní ohunkóhun nínú ohun tí mo fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ipá wá, Fábọ̀dé, mo mọ̀ ọ́: ọlọ́pàá ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o tó fa ohunkóhun yọ.

5. Ọdúntán sùn sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé. Àyè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ti ìyàwó àgbà ni. Ẹ má sin mí síbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà. Sikirat ló fẹ́ràn rẹ̀. Láràárọ̀, tó bá ti kírun tán, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kí i, tó ń sọ fún un bí a ṣe sùn àti iye ẹja tí a pa. Òun ni kí ẹ fún ní àyè náà nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ẹ gbé èmi lọ sí Iwaraja, sọ́dọ̀ bàbá mi.

Mo tẹ̀ka sí i ní Òṣogbo, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọdún 1958.

Àmì àtàńpàkò Lábíkẹ́ Ògúnkọ̀yà

Àwọn tí ó ṣojú wọn:
Raliat Àjọkẹ́, aláṣọ, Ìgbóná
Olúwadára Fáníyì, tíṣà, Ìgbóná