Abo Tín-ín-rín Tí Mo Fà Sẹ́yìn

Àbúrò mi Pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin ni o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá kí ẹ. Ìrora orúnkún wọn ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ọkọ mi pààrọ̀ páànù ilé ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì ti gbọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀ wa tó ń bí mẹ́wàá nígbà kan, mẹ́rin ni wọ́n ń bí báyìí. Mo pààrọ̀ akọ títí, pàbó ló já sí. Mo wá yẹ ìwé tí Màmá ń kọ ìbí wọn sí wò. Àṣé abo tó sanra jù la máa ń fi sílẹ̀ láti bímọ, èyí tó bá sì sanra jù, òun àti méjì péré ló jọ mu ọmú ìyá wọn! Ṣé ọwọ́ ara wa la fi ń yan ìran tí kì í bí púpọ̀ ni? Ìwọ lo kàwé ẹranko, jọ̀ọ́ ṣàlàyé fún mi.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan ṣàdédé bí mọ́kànlá. Abo tó tín-ín-rín jù nínú wọn ni mo fà sẹ́yìn láti fi bímọ. Màmá ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Mo ní, "Nínú àwa ọmọ yín mẹ́jọ, ta lẹ ní kò ní yè?" Wọ́n dìde, wọ́n lọ bu oúnjẹ fún un.

Ọlọ́run á pa ẹ́ mọ́ fún wa. Tètè fèsì. Orúkọ ẹ ni Màmá fi ń pe abo tín-ín-rín náà.